Ìdí Tí Ẹnu Ọkọ̀ Fi Kúrò Níwájú

Nígbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹun, iwájú gan-an ni ẹnu náà wà. Ó fẹ̀, ó ní eyín, ó sì ń sọ̀rọ̀. Kò sí awakọ̀ láyé ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò á lọ bá ọkọ̀ níbi tó ń sùn sí, á bẹ̀ ẹ́, wọn á sì jọ gba ọ̀nà lọ.

Epo ni oúnjẹ ọkọ̀, bó ṣe wà títí di òní. Kànga epo wà lẹ́bàá ọ̀nà káàkiri, ọpọ́n ńlá sì wà lẹ́nu kànga kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tí ebi bá ń pa á yà síbẹ̀, á ti ẹnu bọ ọpọ́n, á jẹ tirẹ̀, á sì máa lọ.

Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí èyí tó ń jẹun lẹ́nu kànga bá rí èyí tó ń kọjá lọ, á nahùn pè é: "Ẹ wá jẹun o!" Èyí tó ń kọjá á dáhùn pé: "Á gba ibi ire o!" Kò ní dúró.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n bá rán yín lọ sílé aládùúgbò, tí ẹ bá a nídìí oúnjẹ, tó ní kí ẹ wá jẹun, ṣé ẹ máa ń fọwọ́ kí ẹ sì jókòó tì í ni? Rárá o. Ẹ ó ní á gba ibi ire, ẹ ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín, ẹ ó sì padà sílé. Gbogbo ọkọ̀ ló mọ èyí, àfi ẹyọ kan.

Gìrìwò lorúkọ ẹyọ kan náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń sú mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìlú Òkè-Ìrókò ni Gìrìwò ń gbé. Ó tóbi, ó ga, ara rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Bó bá dúró sójú kan, inú rẹ̀ kì í dákẹ́, á máa kùn hùn-ùn, hùn-ùn. Bó bá ń lọ, á sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, á tún dúró lójijì nítorí ewúrẹ́ kan, á tún ki eré mọ́lẹ̀. Báyìí ni gbogbo ohun tó bá jẹ ṣe máa ń tètè tán nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kó wá jẹun, kò sí ọjọ́ kan tó sọ pé á gba ibi ire. Á yà, á jẹ, á jẹ títí ìsàlẹ̀ ọpọ́n á fi hàn, ẹni tó pè é á wá máa wò ó.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí," ni Gìrìwò máa ń wí.

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ọkọ̀ kékeré kan wà nílùú yẹn náà tó ń jẹ́ Rúbútú. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí díẹ̀, ó rí róbótó, bó bá sì ń lọ, ẹ lè má gbọ́ ìró rẹ̀. Kì í sáré àsápajúdé. Bí ọ̀nà bá ń sọ̀ kalẹ̀, á jẹ́ kí ìsọ̀kalẹ̀ náà máa gbé òun lọ. Bó bá dúró de èèyàn, á pa inú rẹ̀ mọ́ jẹ́ẹ́. Òun náà ń jẹun o, kò gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹun lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé ó ti lọ oko, ó ti bọ̀, ó tún ti lọ sọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò, kò sì tíì wá ọpọ́n.

Nílùú Òkè-Ìrókò yìí ni Ìyá Morádéyọ̀ ń gbé. Opó ni. Morádéyọ̀ nìkan lọmọ tó bí, Morádéyọ̀ sì ti lọ sílé ọkọ ní Ìdí-Ọsàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ láìrí ọmọ. Ìyá rẹ̀ bẹ Ọlọ́run títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há.

Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ dé láti Ìdí-Ọsàn pé Morádéyọ̀ ti bímọ obìnrin. Ìyá Morádéyọ̀ jó yíká àgbàlá, òun nìkan.

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó yọ, bí ìṣe àwọn ará Ìdí-Ọsàn, ìyá àgbà á gbé ọmọ tuntun dúró lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ilé. Àgbà kan á da omi sórí òrùlé, omi náà á kán sára ọmọ, ọmọ á sì ké. Igbe yẹn ni gbogbo ilé ń dúró dè. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọn á hó yèè, wọn á ní ọmọ ti dé, ó ti bá wa jókòó.

"Ọwọ́ mi ni ọmọ yẹn máa wà nígbà tó bá ké," ni Ìyá Morádéyọ̀ wí. "Èmi ni n ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ó rọ oyin sínú kèrègbè. Ó ká aṣọ òfì tó fi pọn Morádéyọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó kì í sábẹ́ apá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, ó jáde lọ sábẹ́ igi ìrókò níbi tí àwọn ọkọ̀ máa ń sùn sí.

Rúbútú ló kọ́kọ́ rí i. "Màmá, ẹ kú oríire o! Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ. Mo ti jẹun, ohun tí mo jẹ yìí sì máa gbé wa débẹ̀."

Ìyá Morádéyọ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ilé àna mi mà ni mò ń lọ! Ṣé kí wọ́n lè sọ pé inú ìṣasùn ni ìyá ìyàwó jókòó sí wá ni?"

Gìrìwò kùn hùn-ùn. "Ẹ wọlé sọ́dọ̀ mi, Màmá. Bí mo bá wọ Ìdí-Ọsàn, gbogbo ìlú ló máa yọjú lójú fèrèsé."

Ohun tí Ìyá Morádéyọ̀ sì fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó wọlé sínú Gìrìwò, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, wọ́n gbéra.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi dé kànga àkọ́kọ́. Ọkọ̀ àgbà kan ń jẹun níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní: "Ẹ wá jẹun o!"

Gìrìwò yà.

"Gìrìwò, ṣebí o jẹun ká tó kúrò nílé?"

"Wọ́n pè wá ni, Màmá."

"Ó ń kí ọ ni! Dá a lóhùn, ká máa lọ!"

"Màmá, ó ní kí n wá jẹun. Mo gbọ́ ọ ketekete."

Ó ti ẹnu bọ ọpọ́n. Ọkọ̀ àgbà yẹn sún sẹ́yìn díẹ̀, ó tún sún sẹ́yìn, ó wá kúrò nídìí ọpọ́n pátápátá. Ó wo Ìyá Morádéyọ̀ lójú. Ojú ti Ìyá Morádéyọ̀ débi pé ó fi aṣọ òfì borí.

Wọ́n kúrò níbẹ̀. Gìrìwò sáré lọ bí ẹ̀fúùfù, ó rí adìyẹ, ó dúró gbì, oyin fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Wọ́n dé ẹnu abúlé kan, Ìyá Morádéyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti kí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ó ń kí wọn, wọ́n ń kí i, Gìrìwò dúró síbẹ̀, ó ń kùn, èéfín ń jáde nídìí rẹ̀.

"Pa inú rẹ mọ́ jẹ́ẹ́," ni Ìyá Morádéyọ̀ wí, "a ò tíì ń lọ."

"Bí mo bá dákẹ́, Màmá, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé èmi ni mo dé?"

Wọ́n dé kànga kejì. "Ẹ wá jẹun o!" Gìrìwò yà. Wọ́n dé òmíràn. "Ẹ bá wa jẹ ẹ́ o!" Gìrìwò yà. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n pe òun mọ́. Bí ọkọ̀ kan bá ti gbójú sókè lẹ́nu kànga báyìí, Gìrìwò ti yà.

Ìyá Morádéyọ̀ pariwo. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kọ́ ọ bí ọmọdé. "Sọ ọ́ tẹ̀ lé mi: á gba ibi ire."

"Á gba..." ni Gìrìwò wí. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló gbọ́ òórùn epo lápá òsì. Ó yà.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ èmi ò sí nínú ọkọ̀ náà. Ẹ wá ro bó ṣe rí lára obìnrin yẹn. Ìrìn tó yẹ kó parí nígbà tí oòrùn bá wà lókè, oòrùn wọ̀ lé e lórí. Ó sùn sílé àwọn olóore kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún.

Ìdájí ló ti jáde sí Gìrìwò. Ó nàka sí i lójú.

"Gbọ́ mi dáadáa. Lónìí, o ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan. Bí wọ́n pè ọ́, bí wọn ò pè ọ́, ẹ̀kán kan ò gbọdọ̀ kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Lóòótọ́, ó sì gbọ́ràn. Wọ́n kọjá kànga kan, ó di ẹnu pinpin. Wọ́n kọjá òmíràn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò yà. Inú Ìyá Morádéyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé yẹn, kò fi sílẹ̀. Gbogbo kíkùn, gbogbo dídúró gbì, ó ń ṣe é lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè ńlá tó wà kí èèyàn tó dé Ìdí-Ọsàn, ó ké hàn-àn-àn, ó kọjú sókè náà, ó dé ìdajì rẹ̀. Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí.

"Kí ló dé?"

"Ebi, Màmá."

"Ebi kẹ̀? Gbogbo èyí tó o jẹ lánàá ńkọ́?"

"Ó ti tán."

"Ibo ló lọ?"

"N ò mọ̀, Màmá."

Ìyá Morádéyọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú Gìrìwò títí ọwọ́ fi ń ta á. Ó gbé oyin lérí, ó fa aṣọ òfì sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gun òkè náà. Ojú ọ̀run ti mọ́ kedere. Ó mọ̀ pé ní Ìdí-Ọsàn, wọ́n ti ń pọn omi tí wọ́n máa dà sórí òrùlé.

Bó ṣe ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lọ, ó gbọ́ ìró kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Rúbútú ló ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń gun òkè bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀.

"Màmá? Mo rò pé ẹ ti débẹ̀ láti àná! Ṣé kò sí nǹkan o? Èmi náà ń lọ kí ọlọ́mọ ni."

Ẹkún gbọ̀n Ìyá Morádéyọ̀. "Má bi mí ní nǹkan kan. Ṣé nǹkan wà nínú rẹ tó lè gbé mi débẹ̀?"

"Èyí tí mo sọ fún yín ní àná pé mo jẹ ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ wọlé."

Ó wọ inú ìṣasùn náà, kò sì rántí gèlè. Rúbútú gun òkè náà tán. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ó pa inú rẹ̀ mọ́, ó jẹ́ kí òkè máa tì í lọ. Wọ́n dé ẹnu kànga kan. "Ẹ wá jẹun o!" Ìyá Morádéyọ̀ di etí méjèèjì.

"Á gba ibi ire o!" ni Rúbútú wí, wọ́n kọjá.

Ó yà á lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn tó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ìlú, Rúbútú yà fúnra rẹ̀ sí ẹnu kànga kan tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá Morádéyọ̀ figbe ta. "Ìwọ náà! Áà, ayé mi!"

"Màmá, ẹ ní sùúrù. Ti àná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán báyìí. Èmi náà ń jẹun, ẹ má rò pé n kì í jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá jẹ, ìrìn ni mo fi ń rìn. N kì í fi pariwo." Ó jẹ ìwọ̀nba, ó gbé ẹnu kúrò, wọ́n sì ń lọ.

Ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ.

Wọ́n dé Ìdí-Ọsàn. Ilẹ̀ abẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ti tutù. Àwọn ọmọdé ń lá ọwọ́ oyin, àwọn obìnrin ń kó àwo wọlé. Omi ti kán, ọmọ ti ké, gbogbo ilé ti hó yèè tán. Ìyá Morádéyọ̀ dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ tútù náà. Ó wá jókòó sílẹ̀ gbalaja, ó sunkún.

Morádéyọ̀ gbé ọmọ jáde. "Màámi, a dúró dè yín títí. Àwọn àgbà ní oòrùn ò gbọdọ̀ kan ọmọ kó tó lórúkọ. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lóríkì. Mo ní ìyá mi ń bọ̀."

Ìyá Morádéyọ̀ gba ọmọ náà. Oríkì ìyá tirẹ̀ ló fún un: Àwẹ̀ró. Ó pè é, ó tún pè é. Ọmọ náà ti sùn, kò tilẹ̀ dún.

Bàbá Ògúnṣakin, bàbá ọkọ Morádéyọ̀, wá jókòó tì í. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá yìí, òun ló sì rọ gbogbo ọkọ̀ tó wà láyé ìgbà náà.

"Àna wa, kí ló dá yín dúró?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, àna mi," ni Ìyá Morádéyọ̀ dáhùn. "Ẹnu tí ẹ là fún Gìrìwò ló jẹ igbe ọmọ ọmọ mi." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọpọ́n àkọ́kọ́ títí dé ìdajì òkè.

Bàbá Ògúnṣakin dìde, ó gbé òòlù àti ẹ̀mú rẹ̀, ó ní kí Rúbútú gbé òun àti àna òun padà sórí òkè yẹn.

Kí lẹ rò pé wọ́n bá níbẹ̀? Ṣé ẹ rò pé Gìrìwò ń ronú ohun tó ṣe? Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá kí ọlọ́mọ ti ṣàánú rẹ̀, wọ́n ti gbé odindi ọpọ́n epo kan gun òkè wá fún un. Ó ti ki orí bọ̀ ọ́ títí dé ojú. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó gbójú sókè, epo ń kán ní ètè rẹ̀.

"Màmá! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wá jẹun o!"

Ìyá Morádéyọ̀ mí kanlẹ̀.

"Á gba ibi ire," ló wí. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ṣé ó le?"

"Ẹ ò ní jẹ ni? Ó mà dùn o," ni Gìrìwò wí, ó sì tún dorí kodò.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Bàbá Ògúnṣakin. Ó di Gìrìwò lórí mú, ó fa ẹnu rẹ̀ yọ nínú ọpọ́n, ó fi irin dí i pa. Eyín nìkan ló ṣẹ́kù níta, eyín tí kò lè ṣí, tí kò lè jẹ. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó lu ihò kékeré kan síbẹ̀, ó fi ọmọrí dé e.

"Ibi tí o ó ti máa jẹun nìyí," ló wí. "Ojú rẹ ò ní rí oúnjẹ mọ́. Ọwọ́ èèyàn ni yóò máa ṣí ọ, ọwọ́ èèyàn ni yóò sì máa dé ọ. Èèyàn ni yóò máa jókòó nínú rẹ láti sọ ibi tí o ó yà sí."

Gìrìwò fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ohun tó jáde ni: "Pẹ́ẹ̀! Pẹ́ẹ̀!" Ohùn tó kù fún un nìyẹn.

"Àna mi, ó ku ohun kan," ni Ìyá Morádéyọ̀ wí. "Bó bá tún ní ebi ń pa òun ńkọ́? Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni? Èmi ò fẹ́ kí ó tún tàn mí o." Ó yọ abẹ́rẹ́ tó fi gún etí gèlè rẹ̀, ó nà án sí bàbá. Bàbá Ògúnṣakin so abẹ́rẹ́ náà mọ́ inú Gìrìwò, níwájú ibi tí èèyàn máa jókòó sí. Bí ikùn bá kún, abẹ́rẹ́ á lọ sókè. Bí ikùn bá gbẹ, á wá sílẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀ mọ́.

Bàbá bá yíjú sí àwọn ọkọ̀ tó kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Rúbútú, Rúbútú sún sẹ́yìn.

"Bàbá, kí lèmi ṣe? Mo máa ń sọ pé á gba ibi ire!"

"Mo mọ̀," ni Bàbá Ògúnṣakin wí, ojú rẹ̀ sì fà ro. "Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ìwọ sílẹ̀, wọ́n á ní mo ṣègbè."

"Kò dáa!" ni Ìyá Morádéyọ̀ pariwo. Lóòótọ́, kò dáa. Èmi gan-an ò tíì fara mọ́ ọn títí di òní. Ohun tí ẹnì kan jẹ, gbogbo ẹbí wá ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, òòlù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Morádéyọ̀ sún mọ́ Rúbútú, ó fọwọ́ kàn án lórí. "Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ ìrókò. N ò ní gbàgbé. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ọkọ̀, n ó sọ fún un kó má wo dídán, kó má wo gíga. Kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọkọ̀ náà lè dé lórí ohun tó bá jẹ. Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yàn."

Rúbútú ò bínú mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní: "Màmá, tí Morádéyọ̀ bá tún bímọ, ẹ tètè wá pè mí." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Bàbá Ògúnṣakin rọra dí i lẹ́nu, ó sì gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ọkọ̀ ti kúrò níwájú tó lọ sẹ́bàá ìdí, tó sì jẹ́ pé èèyàn ló ń ṣí ọmọrí rẹ̀. Ẹ lọ wo iwájú ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ ó rí eyín rẹ̀ níbẹ̀, tó pa dé. Láti ọjọ́ náà ni abẹ́rẹ́ ti wà níwájú awakọ̀ tó ń sọ bí ikùn ọkọ̀ ṣe rí. Láti ọjọ́ náà náà sì ni ẹni tó bá fẹ́ gba ọkọ̀ ti máa ń rìn yí i ká, tó máa ń fọwọ́ kàn án, tó máa ń wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í jẹ epo jù?"

Ọmọ Gìrìwò ṣì pọ̀ nígboro. Ẹ ó mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá dúró sójú kan, wọ́n á máa kùn. Bí wọ́n bá rí àwọn tó ń jẹun lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ní pẹ́ẹ̀, pẹ́ẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Morádéyọ̀ tún bímọ, ọkùnrin ni lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí Ìyá Morádéyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú Rúbútú ní Ìdí-Ọsàn, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ò tíì pé. Wọn ò tilẹ̀ tíì pọn omi. Ó jókòó, ó dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé ọmọ dúró lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, Àwẹ̀ró sì di ìró rẹ̀ mú. Wọ́n da omi sórí òrùlé. Omi náà kán, ọmọ náà ké.

Ìyá Morádéyọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.